Ẹyẹ Wà Nínú Igi Tẹ́ Ẹ Fẹ́ Sun

                                        Ilé Ẹ̀yìn Ibi Ìyanja,
                                        Sønderhage,
                                        Létí Ọ̀sà Limfjord.
                                        Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù kẹfà, ọdún 1986.

Solvej, ọ̀rẹ́ mi láti kékeré,

Irọ́ ni wọ́n ń pa mọ́ mi o! Mi ò ju òkúta lu katakata Preben. Ìgbálẹ̀ ni mo fi gbá a, ìgbálẹ̀ lásán, kò sì sí nǹkan tó ṣe katakata ọ̀hún. Ẹni tó bá sì sọ fún ẹ pé mo pe àbúrò ẹ ní apààyàn lójú gbogbo ayé nínú ṣọ́ọ̀bù alájẹṣẹ́kù, onítọ̀hún fi kún un. Apọmọ ẹyẹ ni mo pè é. Bó bá sì dáná sun òkìtì igi yẹn bó ṣe wà yẹn lálẹ́ Jòhánù Mímọ́, màá tún pè é bẹ́ẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, lójú àlùfáà, kí wọ́n tó kọ orin àkọ́kọ́.

Ó dáa. Mo mọ̀ pé kò yẹ kéèyàn bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà báyìí. Ká ní ìyá mi wà láyé ni, ì bá ti gbá mi létí. Jẹ́ n kí ẹ ná. Ṣé dáadáa lo wà? Ẹ̀yìn tó ń dùn ẹ́ lásìkò òtútù ńkọ́, ṣé ó ti fi ẹ́ lọ́rùn sílẹ̀? Asger ọkọ ẹ ńkọ́? Ṣé ó ti jáwọ́ nínú sìgá, àbí ó ṣì ń lọ sá pamọ́ sẹ́yìn ilé mu ún bí ọmọ iléèwé? Mo gbọ́ pé Ragna ọmọ ẹ ti bímọ. Ẹ kú ewu ọmọ o, a kú ọwọ́ lómi, ọmọ náà á dàgbà, á sì gbọ́n ju ìyá ìyá ẹ̀ lọ. Iléèwé tó o jẹ́ ọ̀gá lé lórí ńkọ́? Ṣé àwọn ọmọ Odense yẹn ṣì ń bẹ̀rù ẹ? Kí wọ́n máa bẹ̀rù ẹ lọ, ó dáa fún wọn.

Ara tèmi náà le. Orúnkún ọ̀tún máa ń ráhùn tí mo bá ń gun àtẹ̀gùn, ṣùgbọ́n mo ṣì ń dúró ti ààrò láàárọ̀, mo ṣì ń yan ṣàwá, èéfín ò tíì rí mi gbé ṣe. Kí n sọ òótọ́ fún ẹ, inú mi dùn lọ́dún yìí ju bó ṣe dùn rí látìgbà tí Ejnar ọkọ mi ti kú. Ohun tó mú inú mi dùn ọ̀hún gan-an ló dá ìjà yìí sílẹ̀. Fara balẹ̀ kó o gbọ́.

Wàá ní kí ló dé tí mi ò pè ẹ́ lórí fóònù. Mo pè ẹ́ o! Asger ló gbé e, ó ní o wà ní ìpàdé. Mo tún pè, ó ní o wà ní ìpàdé míì. Mo ní ó dáa, jẹ́ n kọ ọ́ sílẹ̀. Bó bá jẹ́ orí fóònù ni, o máa rẹ́rìn-ín, èmi náà máa rẹ́rìn-ín, a máa wá sọ̀rọ̀ ànàmọ́ àti òjò, o máa ní “ó dàbọ̀ o, Dagny,” ọ̀rọ̀ á sì tú ká. Lẹ́tà ò ṣeé rẹ́rìn-ín lé dànù bẹ́ẹ̀.

O mọ pápá etí omi tó wà lẹ́yìn ilé mi, èyí tí bàbá yín fi sílẹ̀ fún ìwọ àti Preben. Ibẹ̀ náà la ṣì ń kó igi Jòhánù Mímọ́ jọ sí. Gbàrà tí òtútù bá ti kásẹ̀ nílẹ̀ ni oníkálukú ti máa ń gbé ẹ̀ka tó gé lágbàlá ẹ̀ wá dà síbẹ̀, títí á fi di òkìtì. O mọ ìyẹn. Ohun tó o ò mọ̀ ni pé láti ojú fèrèsé ilé ìdáná mi, èèyàn lè rí òkìtì yẹn bí ẹni ń rí ọwọ́ ara ẹ̀.

Lóṣù kẹrin ni mo kọ́kọ́ rí i. Mò ń fọ abọ́ lọ́wọ́, mo gbójú sókè, ni mo bá rí ẹyẹ kan báyìí, aláwọ̀ ilẹ̀, kò ju àtàǹpàkò mi lọ, tó na ìrù sókè gan-an bí ẹni tó ń wá ẹni tó máa bá jà. Ó wá lanu. Solvej, ohùn yẹn! Mi ò mọ ibi tó ń gbé e pamọ́ sí nínú ara kékeré yẹn. Ẹni tó ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ò lè pariwo tó bẹ́ẹ̀, òun náà sì fẹ́ràn ariwo. Mo gbàgbé abọ́ sínú omi.

Bíríkìlà ni mo sọ ọ́, torí pé ilé ló ń kọ́ ṣáá. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi o, ojú mi ni mo fi rí i: láàárín àwọn ẹyẹ yìí, ọkọ ló ń kọ́lé, kì í sì í kọ́ ẹyọ kan. Ó kọ́ ọ̀kan sínú ewé tó bo ògiri ibi ìyanja wa. Ó kọ́ òmíì sínú fìlà òtútù Ejnar tó ṣì wà lára ìṣó nínú ilé tá à ń kó igi ìdáná sí. Mo ti ń sọ látọjọ́ yìí pé màá gbé fìlà yẹn kúrò, mi ò gbé e, ó ti wá rí ẹni lò ó. Ó wá kọ́ ọ̀kan sínú òkìtì igi pápá, lára kùkùté kan tí wọ́n hú tigbòǹgbò-tigbòǹgbò. Ilé náà rí roboto bí ìkòkò, koríko tútù ara igi ló fi mọ ọ́n, ó wá ṣe ilẹ̀kùn kékeré sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, ibi tí òjò ò lè gbà wọlé.

Ìyàwó wá dé. Àní ó wá ń yẹ ilé wò! Ó wọ inú fìlà Ejnar, kò pẹ́ tó fi jáde, ó sì gbọn ara ẹ̀ nù. Bíríkìlà wà lórí òrùlé, ó ń kọrin, apá ẹ̀ ń gbọ̀n pẹ́pẹ́, àfi bí ẹni tó ń sọ pé, “Ẹ tún un wò, ẹ wo bí yàrá ṣe fẹ̀!” Ìyàwó ò dá a lóhùn. Ó wọ ti ara ògiri, ó tún jáde. Èéfín ṣàwá nìyẹn, mi ò dá a lẹ́bi. Ó wá wọ ti inú òkìtì igi. Ó pẹ́ níbẹ̀. Ọkọ ò lè kọrin mọ́, ó kàn dúró. Nígbà tí ìyàwó máa jáde, agbàlá Gudrun, obìnrin tá a jọ pín ọgbà, ló fò lọ tààrà, ó ṣa ìyẹ́ adìẹ kan nílẹ̀, ó gbé e wọlé. Ọ̀rọ̀ parí! Wọ́n ti gbalé.

Mo rẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú mi. Gudrun yọ orí lójú fèrèsé.

“Dagny, ta lò ń bá rẹ́rìn-ín ńbẹ̀ yẹn?”

“Ọkọ kan ni. Ó kọ́ ilé mẹ́ta, méjì ò wu ìyàwó ẹ̀.”

“Mẹ́ta! Tèmi ò kọ́ ẹyọ kan. Ṣé ó ní ẹ̀gbọ́n?”

Bá a ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Gudrun ń gbé àga wá sọ́dọ̀ mi lọ́sàn-án, a jọ ń wò wọ́n. Ojú mi wá là sí gbogbo nǹkan tó yí mi ká. Àwọn alápàńdẹ̀dẹ̀ tó ń gbé lókè àjà ibi ìyanja, tí mo ti ń lé láti ọdún tó ti pẹ́, mo wá rí i pé wọ́n máa ń tò sórí okùn aṣọ mi láàárọ̀ bí àwọn akọrin tó ń dúró de ọ̀gá wọn. Ẹran ẹlẹ́gùn-ún kékeré tó jọ ọmọ òòrẹ̀ yẹn náà máa ń gba abẹ́ fèrèsé mi kọjá tí ilẹ̀ bá fẹ́ ṣú, á máa fọn imú, fìn, fìn, bí bàbá arúgbó tó ń mu ọbẹ̀ gbígbóná. Àwọn ará ibí ń wọ bàálù lọ wo kìnnìún nílẹ̀ onílẹ̀, wọ́n ń ya fọ́tò, wọ́n ń fi han èèyàn títí ọ̀fun á fi gbẹ. Ohun tó ń ṣe ìyanu lẹ́yìn ilé wọn, wọ́n ń fi bàtà tẹ̀ ẹ́. Mò ń bá wọn wí o, mò ń bá ara mi náà wí, mo sì ń bá ìwọ náà wí.

Ìyàwó Bíríkìlà ti pa ẹyin báyìí o, ó ti sàba, àwọn ọmọ ti jáde. Wọn ò tíì hu ìyẹ́, wọn ò lè fò. Bí Jòhánù Mímọ́ bá fi dé, inú ilé yẹn náà ni wọ́n á ṣì wà.

Nígbà ayé bàbá yín, ìyẹn ò lè jẹ́ ìjà. Ìwọ náà mọ bá a ṣe ń ṣe é. Láàárọ̀ ọjọ́ Jòhánù Mímọ́, gbogbo ilé á mú fọ́ọ̀kì oko jáde, wọ́n á tú òkìtì náà palẹ̀, wọ́n á gbé e lọ kó jọ síbòmíì létí omi, kí ohunkóhun tó bá ti fi abẹ́ ẹ̀ ṣelé lè jáde lálàáfíà. Bàbá yín á dúró ńbẹ̀ nínú ẹ̀wù àwọ̀sùn ẹ̀, á máa pariwo, “Ẹ rọra! Ẹ wo abẹ́ ẹ̀ kẹ́ ẹ tó gbé e!” Ìwọ lo ké títí gbogbo ìlú fi gbọ́ lọ́jọ́ tí ọ̀pọ̀lọ́ fò sára yẹ̀rì ẹ. Tá a bá ṣe tán, a mu kọfí, a jẹ búrẹ́dì oníbọ́tà, lálẹ́ a dáná. Iná yẹn ò ga púpọ̀, ṣùgbọ́n kò sí ohun abẹ̀mí kan nínú ẹ̀.

Látìgbà tí Preben ti di alága ìgbìmọ̀ tó ń ṣètò iná, ẹ̀sìn tuntun ló gbé dé. Orúkọ ẹ̀sìn ọ̀hún ni Rønsted. Ó ti gbé àwọn ará Rønsted ní òdìkejì ọ̀sà sọ́kàn bí ẹni gbé òkúta mì. Ó ní lọ́dún tó kọjá iná tiwọn ga ju tiwa lọ. Ó wá lọ kó àwọn ìtì igi ńláńlá tí àrùn pa lójú ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, ó fi katakata tò wọ́n lé òkìtì lórí. Ọjọ́ yẹn ni mo sáré jáde pẹ̀lú ìgbálẹ̀. Bó bá fi ìtì kan sọ̀kò sí i, kùkùté Bíríkìlà á rì mọ́lẹ̀. Mo gbá katakata nímú, gbà! Ó dúró. Mo ní kó gbé ẹrù ẹ̀ gba òdìkejì. Ó gbé e gba òdìkejì, ó ń mirí bí ẹni rí wèrè.

Ọjọ́ kejì la wá pàdé ní ṣọ́ọ̀bù. Èrò pọ̀ ńbẹ̀. Mo ní:

“Preben, ẹyẹ wà nínú igi tẹ́ ẹ fẹ́ sun.”

“Ẹ káàárọ̀, ẹ̀gbọ́n Dagny. Ẹyẹ wo nìyẹn?”

“Èyí tó kéré jù ní ìlú yìí, tóhùn ẹ̀ sì ju tìẹ lọ nípàdé.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹyẹ ní apá. Bó bá gbóòórùn èéfín, á fò lọ.”

“Ìyá á fò. Àwọn ọmọ ńkọ́? Ọjọ́ tí wọ́n bí ìwọ, ṣé o sáré?”

Kjeld tó ń tajà ní ṣọ́ọ̀bù wá dá sí i láti ẹ̀yìn káńtà, ẹni tí kì í lè pa ẹnu ẹ̀ dé. “Alága, ẹ kọ̀wé fún ẹyẹ náà, pé kó kó ẹrù ẹ̀ jáde kó tó di ọjọ́ Ajé tá a máa dáná.”

“Ìwọ Kjeld, dákẹ́,” mo ní, “bọ́tà tó o tà fún mi lọ́sẹ̀ tó kọjá ti kú kó tó dé ilé mi.”

Àwọn èèyàn ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo rí i lójú Preben pé ara ẹ̀ ò gbà á. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbọ́. Àwọn ará Rønsted ní iná wa dà bí àbẹ́là orí kéèkì ọjọ́ ìbí. Lójú mi ni wọ́n ṣe sọ ọ́. Àwọn oníwèé ìròyìn ń bọ̀ lọ́dún yìí. Ẹ wá ní kí n tú igi palẹ̀ nítorí ẹyẹ kan tí kò tó ẹnu kan jẹ?”

“Bàbá ẹ máa ń tú u.”

“Bàbá mi ò ní katakata.”

“Ó ní orí.”

Ibẹ̀ ni mo ti wá pè é ní ohun tí mo pè é. Mo sọ ọ́ ketekete, mi ò kẹ́gàn ẹnikẹ́ni mọ́ ọn. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín lẹ́yìn ìyẹn. Gudrun fa aṣọ mi, a jáde.

Nígbà tá a dé ilé, Gudrun ní, “O ti bà á jẹ́. Èèyàn kì í pe alága ní apọmọ ẹyẹ kó tún wá ṣe ohun tó o fẹ́ fún ẹ.”

Mo ní, “Á ṣe é. Ọmọ tí mo nu imú fún ni. Kọfí ni màá fi mú un.”

Mo ránṣẹ́ sí i. O mọ̀ pé kò sẹ́ni tó ń kọ kọfí nílùú yìí, bí ẹ tiẹ̀ jà láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ó wá lọ́sàn-án, ó bọ́ fìlà ẹ̀, ojú ẹ̀ le koko. Mo gbé kéèkì èso síwájú ẹ̀. Mo gbé àga ẹ̀ síbi tí ojú ẹ̀ á fi kọjú sí fèrèsé.

“Kéèkì yìí dùn o, ẹ̀gbọ́n.”

“Má wo kéèkì. Wo ibẹ̀ yẹn.”

“Níbo?”

“Lára kùkùté. Gba awò tí Ejnar fi ń wo ọkọ̀ ojú omi yìí. Pa ẹnu ẹ dé, kó o fojú wò.”

Ó gbé e sójú. Ọlọ́run ṣe é, ìyàwó Bíríkìlà dé, ó gbé kòkòrò tútù kan sẹ́nu tó fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn tó òun fúnra ẹ̀. Ó bà sẹ́nu ilẹ̀kùn. Àwọn ọmọ wá na ọrùn jáde, gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan, ẹnu wọn là gbàù, ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí òdòdó etí omi. Ìyá fún ọ̀kan, ó lọ. Bàbá dé, òun náà fún òmíì, ó lọ. Wọn ò sinmi. Preben ò gbé awò kúrò lójú. Kọfí ẹ̀ tutù níwájú ẹ̀, Solvej, àbúrò ẹ tí kì í jẹ́ kí kọfí tutù.

Nígbà tó ṣe, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹnu nìkan làwọn wọ̀nyí o. Kò sí nǹkan míì lára wọn.”

“Ìwọ náà rí bẹ́ẹ̀. Mo wà ńbẹ̀.”

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó gbé awò kalẹ̀, ó ń fi ìka nu ún. Ó wá ní, “Tó bá jẹ́ tèmi nìkan ni…”

Mo ní, “Ta ló tún kù? Ṣé ìwọ kọ́ ni alága ni?”

“Ẹ̀gbọ́n Solvej ni.”

Solvej, ibi tọ́rọ̀ dé nìyẹn. Ó ní ìwọ lo máa sọ̀rọ̀ níbi iná lọ́dún yìí. Mi ò mọ̀! Ọ̀rẹ́ mi fẹ́ wá sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ilé mi, ẹnu alága ni mo ti gbọ́. Ó dáa, ìyẹn náà máa ní ìjà tiẹ̀, mo ti fi í pamọ́. Ó ní o pe òun lórí fóònù. Ó ní o sọ pé àwọn ọ̀rẹ́ yín kan láti Odense ń bá yín bọ̀, pé o fẹ́ iná tí wọ́n á rí ní Rønsted, pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan òkìtì yẹn torí ó ga dáadáa bó ṣe wà. Ó ní bí ẹ̀gbọ́n òun bá ní kóun tú u, òun fúnra òun á gbé katakata wá láàárọ̀. Àmọ́ òun ò ní dójú ti ẹ̀gbọ́n òun lójú àlejò. Ó sọ ọ́ bí ọmọ dáadáa, ó mu kọfí tútù yẹn tán, ó sì lọ.

Mi ò tíì mọ ohun tí mo gbà gbọ́. Tí Preben bá ń purọ́, etí ẹ̀ máa ń pọ́n, ìwọ náà mọ̀ ọ́n. Etí ẹ̀ ò pọ́n lọ́jọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n ó ti dàgbà, bóyá etí náà ti gbọ́n sí i. Èyí tó wù kó jẹ́, mo ti ro ọ̀rọ̀ ẹ lọ, mo ti rò ó bọ̀, mi ò rí ibi tó o máa gbà jáde. Bó bá jẹ́ ìwọ lo sọ ọ́, o jẹ̀bi. Bí kì í bá ṣe ìwọ, àbúrò ẹ ń fi orúkọ ẹ bo ara ẹ̀, o sì ti wá gbọ́ báyìí. Bó o bá gbọ́, tó o dákẹ́, o jẹ̀bi náà ni.

Má sọ fún mi pé ẹyẹ lásán ni. Mo ti gbọ́ ìyẹn nínú ṣọ́ọ̀bù, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu Kjeld. Wọ́n ní mo fẹ́ràn ẹyẹ ju èèyàn lọ. Irọ́ ni. Mo fẹ́ràn èèyàn débi pé mi ò fẹ́ kí ìlú tí wọ́n bí mi sí jókòó yí iná ká, kí wọ́n fọwọ́ gbá ara wọn mú, kí wọ́n máa kọ orin ìfẹ́ ilẹ̀ wa, kí ohun tó ń kọrin jù wọ́n lọ sì máa jóná láàárín wọn. Ilé mi dákẹ́ fún ọdún méjì, Solvej. O wá nígbà òkú Ejnar, o gbọ́ bó ṣe dákẹ́. Ẹyẹ yẹn ló mú ohùn padà wọnú ẹ̀. Mi ò ní jókòó sójú fèrèsé kan náà kí n máa wo bó ṣe ń wá àwọn ọmọ ẹ̀ nínú eérú.

Ìwọ náà ńkọ́? Kí lo fẹ́ sọ níbẹ̀? Mo ti gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yẹn lọ́dọọdún, mo lè bá ẹ kọ ọ́. Wàá kí wọn. Wàá sọ̀rọ̀ ẹ̀ẹ̀rùn ilẹ̀ wa, alẹ́ tí kì í ṣú, òórùn òdòdó, ẹyẹ etí omi. Wọ́n á pàtẹ́wọ́. Ṣé wàá lè lanu sọ̀rọ̀ ẹyẹ, tóoru iná yẹn ń gbá ẹ lójú?

Má rò pé ariwo nìkan ni mo mọ̀ ọ́n pa. Mo ti ṣètò gbogbo ẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ti gbà pé àwọn á wá gbé igi, mo ti ṣèlérí ṣàwá yíyan fún wọn. Gudrun máa ṣe búrẹ́dì, ó ní òun á fi èso àjàrà gbígbẹ sí i, ìyẹn ni pé ọ̀rọ̀ náà ti ká a lára. A ò ní fọwọ́ kan kùkùté Bíríkìlà. Igun yẹn á wà bó ṣe wà, títí àwọn ọmọ á fi fò. Ìyókù la máa tú, a ó gbé e lọ sétí omi gan-an, níbi tí bàbá yín ti máa ń dá a. Kí o sì sọ èyí fún Preben, torí mo mọ ohun tó ń dùn ún: iná tó bá wà létí omi, omi á gbé òjìji ẹ̀, méjì ni wọ́n á máa rí láti Rønsted. Kí wọ́n wá fi ìyẹn wé àbẹ́là!

Bí ẹ ò bá gbọ́, màá gbé àga mi àti aṣọ òtútù tí mò ń hun lọ́wọ́, màá gun òkìtì yẹn lọ́sàn-án ọjọ́ Ajé, orúnkún tàbí kò sórúnkún. Ẹ kúkú máa ń fi koríko mọ ère àjẹ́ tẹ́ ẹ̀ ń gbé ka orí igi kẹ́ ẹ tó dáná. Lọ́dún yìí ẹ ò ní láti ṣe wàhálà. Àjẹ́ á ti wà lókè, á máa hunṣọ, á sì máa dá ẹ lóhùn tó o bá ń sọ̀rọ̀. Kí àwọn oníwèé ìròyìn wá ya ìyẹn.

Bá mi kí Asger, kí o sọ fún un pé mo mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo ìpàdé yẹn ló jẹ́ ìpàdé. Bá mi fi ẹnu ko ọmọ tuntun náà ní àtẹ́lẹsẹ̀. Gudrun ní kí n kí ẹ, ó ní tí ẹ bá ń bọ̀ kẹ́ ẹ bá òun mú òwú aláwọ̀ búlúù wá láti Odense. Yàrá òkè wà nílẹ̀ fún ìwọ àti Asger bí ti àtẹ̀yìnwá, mo ti tẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ìjà ò kan ti ibùsùn. Fèrèsé ibẹ̀ náà kọjú sí pápá.

Lẹ́tà yìí á tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ lọ́la. Mi ò ní kó o kọ èsì, èsì lẹ́tà á pẹ́ jù. Fóònù wà ní ibi ìyanja, mo wà nídìí ẹ̀ láàárọ̀, bí ṣàwá tiẹ̀ ń jóná màá gbé e. Fóònù wà nílé Preben náà. Èmi Dagny Overgaard, ọ̀rẹ́ ẹ tí kò fi ẹ́ sílẹ̀ rí, tí kò sì ní fi ẹ́ sílẹ̀ nísìnyí, ni mo ń bi ẹ́, mi ò bi Preben mọ́, mi ò bi ìgbìmọ̀: ṣé ìwọ lo ní kí wọ́n má tú igi yẹn, ṣé o sì máa pe àbúrò ẹ kó tó di ọjọ́ Àbámẹ́ta pé kó tú u, àbí o ò ní pè é? Dá mi lóhùn, Solvej.